Kí Ẹrù Tó Dé Ìta: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ìrànwọ́ Ayálégbé Sínú Áàpù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ fi áàpù ran aláìnílé lọ́wọ́, bọ́tìnì ìtọrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yà. Ẹni tí wàhálà bá á ya fọ́tò, á kọ ìtàn ara rẹ̀, á fi nọ́ńbà àkáǹtì sí i, àwọn èèyàn á sì dá owó. Mi ò sọ pé owó ò dára. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ọjọ́ tí èèyàn bá ń gbé fọ́tò ẹrù rẹ̀ tó wà níta sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe kékeré. Ó ti pẹ́ tí ilé ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: onílé ti fowó kún owó ilé, ìwé ti dé, ejẹ́ǹtì ti ń mú àwọn ẹlòmíràn wá wo yàrá náà lójú rẹ̀. Inú àwọn oṣù wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ áàpù wà.

Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹ ti ní áàpù tí àwọn èèyàn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, yálà ti àdúgbò ni o, ti ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù, ti ìjọ, tàbí ti àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé, tí ẹ sì fẹ́ fi apá kan kún un fún ẹni tí ilé fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Èkó ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan ẹni tí ẹ ń ṣe é fún

Ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Aránṣọ tó ń gbé yàrá kan ní Mushin, tí onílé ti sọ owó ilé rẹ̀ di ìlọ́po méjì, wà nínú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ń skwọ́tì lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá láti ìgbà tó ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù nítorí ọkọ tó ń lù ú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni odindi àdúgbò kan létí ọ̀sà tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri ilé wọn.

Àkókò àti ìwé ni aránṣọ nílò. Yàrá tí agbára rẹ̀ ká ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ibi tí ọkọ ò ní mọ̀ ni obìnrin yẹn ń wá. Agbẹjọ́rò àti ariwo ni àwọn ará etí ọ̀sà nílò. Bí ẹ bá da gbogbo wọn pọ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan, kò sí èyí tó máa rí ohun tó bá wá. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ayálégbé tó ṣì wà nínú ilé, tó ní ìwé tàbí tó yẹ kó ní in. Òun ni òfin fún ní àkókò, áàpù sì mọ ọjọ́ í kà. Kò mọ ilé í kọ́. Bí apá yìí bá ti dúró dáadáa, ẹ lè wá ro ti àwọn yòókù.

Ìgbésẹ̀ kejì: àpò ìwé àti kàlẹ́ńdà

Ibí ni kí ẹ ti lo agbára yín jù.

Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tó jáde lọ́dún 2011, sọ pé onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì. Ọjọ́ tí wọ́n gba owó, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí owó náà dúró fún gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Ayálégbé á san owó sí àkáǹtì kiatékà, kiatékà á ní "mo ti rí i," ó parí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí kiatékà padà, ẹni tuntun sì ní òun ò rí owó kankan nínú ìwé.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ò ju mẹ́ta lọ. Ìgbà wo lẹ san owó ilé kẹ́yìn? Oṣù mélòó ni owó náà dúró fún? Ṣé rìsíìtì wà lọ́wọ́ yín? Ẹ má béèrè iye tó ń wọlé fún èèyàn, ẹ má béèrè iye ọmọ, ẹ má béèrè nọ́ńbà NIN. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ á pa áàpù dé níbi ìbéèrè kẹrin.

Bí ó bá dáhùn pé kò sí rìsíìtì, ẹ má wàásù òfin fún un. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ tó lè fi ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp láìyí ohunkóhun padà:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo san ₦____ ní ọjọ́ ____ fún owó ilé, láti oṣù ____ títí dé oṣù ____. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ ṣé gan-an ni."

Ẹ wò ó dáadáa: kò sí òfin kankan nínú rẹ̀. Ayálégbé tó bá fi nọ́ńbà òfin bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú onílé ti dá ìjà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé yẹn náà ló sì tún máa padà sí lálẹ́. Bí onílé bá fèsì pé "OK, I have seen it" péré, àkọsílẹ̀ ti wà níbẹ̀ pé owó wọlé lọ́jọ́ báyìí. Kí áàpù gbà á láyè láti ya fọ́tò èsì náà, kó sì fi pamọ́ sínú àpò ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ ìfowóránṣẹ́ láti báǹkì.

Fọ́tò ìwé ní ẹ̀dà méjì. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni bó ṣe jáde láti inú kámẹ́rà, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, nítorí òfin ẹ̀rí ti orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 2011, ní ìlànà tirẹ̀ ní abala 84 fún ẹ̀rí tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde, agbẹjọ́rò á sì fẹ́ mọ ibi tí fọ́tò ti wá. Ẹ̀dà kejì ni èyí tí òǹlò lè fi han ẹlòmíràn: ẹ yọ ìsọfúnni ibi tí wọ́n ti yà á kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú méjèèjì, ẹ ti ba ẹ̀rí jẹ́. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú méjèèjì, ẹ ti tú àdírẹ́sì èèyàn síta.

Ó wá ku kàlẹ́ńdà. Òfin 2011 yẹn sọ iye àkókò tí kúìtì nótíìsì gbọ́dọ̀ ní bí àdéhùn tí onílé àti ayálégbé jọ fọwọ́ sí ò bá sọ nǹkan mìíràn: oṣù 1 fún ẹni tó ń san owó lóṣooṣù, oṣù 3 fún ẹni tó ń san án ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù 6 fún ẹni tó ń san án lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, onílé tún gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ọjọ́ 7 pé òun ń lọ sí kóòtù. Kóòtù nìkan ló lè pàṣẹ kó jáde.

Ká mú aránṣọ ti Mushin yẹn. Ó ti san owó ọdún kan tó máa parí ní 30 November. Ní 1 March, kiatékà mú ìwé wá pé kó kó jáde kí oṣù tó parí, aránṣọ sì ti ń bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó bá òun gba ẹrù sílẹ̀. Oṣù 6 láti 1 March jẹ́ 1 September. Ṣùgbọ́n nótíìsì ò gbọdọ̀ parí kí àkókò tó ti sanwó fún tó parí, nítorí náà ọjọ́ tó jìnnà jù nínú méjèèjì ni áàpù gbọ́dọ̀ mú. Ohun tó yẹ kó rí lójú fóònù nìyí:

"Gẹ́gẹ́ bí òfin Èkó ti 2011, bí àdéhùn yín ò bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé yìí ò lè mú yín jáde ṣáájú 30 November. Lẹ́yìn ìyẹn, onílé ṣì gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ọjọ́ 7, kó sì lọ sí kóòtù. Ẹ má kó jáde nítorí ìwé yìí nìkan. Ẹ fi han agbẹjọ́rò."

Ẹni tó ń ya ojú áàpù á fẹ́ gé gbólóhùn "bí àdéhùn yín ò bá sọ nǹkan mìíràn" kúrò nítorí pé ó gùn. Ẹ má jẹ́ kó gé e. Agírímẹ́ǹtì mìíràn wà tó ti dín àkókò yẹn kù, ayálégbé sì ti fọwọ́ sí i láìkà á. Gbèsè náà máa ń yí ìṣirò padà: ẹni tó ń san owó lóṣooṣù, tó ti wá jẹ owó oṣù 6, àyè tó ní ò rí bákan náà mọ́. Fún un, kí áàpù má ṣe ìṣirò rárá; kó darí rẹ̀ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó lè bá a dá sí i.

Ìránnilétí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 3 kí owó ilé tó parí, kí ìkọ̀ọ̀kan sì béèrè nǹkan pàtó. "Owó ilé yín ń súnmọ́ ìparí" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jẹ ẹ́ ti mọ̀ kí áàpù tó sọ. "Ṣé onílé ti sọ iye tuntun? Ẹ kọ ọ́ síbí" dára jù, nítorí iye yẹn náà di àkọsílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má kọ òfin mọ́ inú kóòdù

Gbogbo iye oṣù tí mo kà sókè yìí gbọ́dọ̀ wà nínú tábìlì (àkójọ onílà-onílà) tó dá dúró, tí èèyàn lè yí padà láìtún áàpù gbé jáde. Lọ́dún 2025, àbá òfin ilé gbígbé tuntun ti wà níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Òfin 2011 fúnra rẹ̀ ò kan Apapa, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island. Àìmọye èèyàn tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ń sùn sí: Àkútè, Ìbàfò, Mowé, Sángò Ọ̀tà.

Èyí túmọ̀ sí pé ẹ ò lè fi GPS fóònù pinnu òfin tó kan èèyàn. Ẹni tó bá ṣí áàpù ní ọ́fíìsì ní Ìkẹjà láago mẹ́wàá òwúrọ̀, tó sì jẹ́ pé Àkútè nilé rẹ̀ wà, òfin Èkó ni áàpù máa kà fún un. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ìpínlẹ̀ wo ni ilé wà, àdúgbò wo? Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì náà, ẹ kọ ọdún òfin, ọjọ́ tí agbẹjọ́rò yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, àti ọjọ́ tó yẹ kó tún un yẹ̀ wò. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, kí áàpù dákẹ́ lórí iye oṣù, kó fi ibi ìrànlọ́wọ́ nìkan hàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àṣírí

Onílé wà lórí áàpù yín. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó ya ohunkóhun. Bó bá jẹ́ áàpù àdúgbò ni, onílé wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé wà níbẹ̀, ejẹ́ǹtì náà ò sì ní gbẹ́yìn. Bí wọ́n bá rí i pé ayálégbé kan ti wọ "ẹgbẹ́ àwọn tí nótíìsì dé bá", ó ti tán nìyẹn.

Nítorí náà, apá yìí ò gbọdọ̀ ní iye ọmọ ẹgbẹ́ tó hàn síta. Áàpù ò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹni tó ń lò ó dábàá fún ẹlòmíràn nítorí pé nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù ara wọn. Ìfitónilétí tó bá yọ sójú fóònù tó wà ní títì gbọ́dọ̀ sọ pé "Ẹ ní àtẹ̀jíṣẹ́ kan," kó parí síbẹ̀; ọ̀rọ̀ bíi owó ilé tàbí nótíìsì ò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Fóònù kan lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta pọ̀ nínú ilé wa, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà kékeré, tó yàtọ̀ sí ti áàpù fúnra rẹ̀, sẹ́nu ọ̀nà àpò ìwé.

Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Alàgbà ìjọ tó jẹ gbèsè owó ilé ò ní tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ "Mo nílò ìrànlọ́wọ́" sí, ì báà jẹ́ pé òru ni. Ẹ pè é ní "Ìwé Ilé Mi". Ẹni tí ara rọ̀ fún àti ẹni tí ara ń ni jọ lè ṣí i, kò sì sẹ́ni tó máa mọ èwo ni èwo. Mo ka ìpinnu kékeré yìí sí èyí tó wúlò ju gbogbo àwọ̀ àti àwòrán tí ẹ máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jà lé lórí.

Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ gba ju ohun tí ẹ nílò lọ, ẹni tó ni dátà sì lẹ́tọ̀ọ́ kí ẹ pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìparẹ́ náà jẹ́ bọ́tìnì kan, kì í ṣe lẹ́tà tí wọ́n máa kọ sí yín.

Fún obìnrin tó ń sá fún ọkọ, ẹ má fi ara yín ṣe ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, DSVA, wà fún un, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 112 àti 767, sì ń lọ láìsan owó. Kí ojú ìwé yẹn ní bọ́tìnì tó máa gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sórí ìròyìn ojú ọjọ́ ní ìtẹ̀ kan, kó má sì fi ìtọpasẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ta ló wà lẹ́yìn bọ́tìnì?

Bí kò bá sí èèyàn lẹ́yìn bọ́tìnì, ẹ má fi bọ́tìnì síbẹ̀. Ní Èkó, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn nìyí. Citizens' Mediation Centre, lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀, máa ń pe onílé àti ayálégbé jókòó láti parí ọ̀rọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Office of the Public Defender máa ń fún ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó kọ kóòdù kankan. Ẹ béèrè pé irú ìwé wo ni wọ́n fẹ́ rí lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí áàpù kó ìwé náà jọ sórí ojú ewé kan tó ṣeé tẹ̀: orúkọ, ibi tí ilé wà, ọjọ́ tí wọ́n san owó kẹ́yìn, ọjọ́ tí nótíìsì dé, ẹni tó mú un wá, àti fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá mú ojú ewé yìí lọ ò ní lo wákàtí kan láti sọ ìtàn láti orí ìgbéyàwó rẹ̀ wá.

Ojú ìwé pàjáwìrì kan tún gbọ́dọ̀ wà fún ọjọ́ tí onílé bá kó ọmọ ìta wá, tó yọ ilẹ̀kùn, tàbí tó ṣí páànù orí ilé. Òfin 2011 ka fífi ipá lé ayálégbé jáde sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń ju ìkòkò rẹ̀ síta ò ráyè ka òfin. Bọ́tìnì ńlá mẹ́ta tó fún un: kó pe 112, kó pe èèyàn méjì tó ti yàn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó ya fídíò tó máa gòkè lọ sí àpò ìwé bó ṣe ń yà á lọ, kí wọ́n tó já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ibi ìsùn fún ìgbà díẹ̀

Apá yìí ló ń wu gbogbo èèyàn láti ṣe, òun náà ló sì léwu jù. Ẹ má ṣí ọjà yàrá tí gbogbo ayé lè rí. Ọ̀nà tó dáa jù ni ti àwọn tó mọ ara wọn: ẹni tó nílò ibi ìsùn á yan èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́wàá tó fọkàn tán, áàpù á béèrè lọ́wọ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀ bóyá àyè wà lọ́dọ̀ wọn tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n lè dúró fún. Ẹni tí kò bá fẹ́ kàn máa dákẹ́ ni. Ẹni tó béèrè ò ní mọ ẹni tó rí i tó sì kọ̀. Ohun tó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ skwọ́tì ni pé wọ́n bi èèyàn lójú-kojú, kò sì rí ọ̀nà sọ pé rárá.

Ohun kejì tó ń bà á jẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó sọ ìgbà tó máa parí. Kí áàpù má gba ìbéèrè tí kò bá ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Kó tún béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kí wọ́n tó pàdé: ta ló máa san nínú owó iná? Ṣé àlejò lè dáná? Aago mélòó ni wọ́n ń ti géètì? Ṣé ó lè mú ọmọ wá? Ìdáhùn á wà lójú kan náà fún àwọn méjèèjì. Obìnrin gbọ́dọ̀ lè sọ pé ọ̀dọ̀ obìnrin nìkan lòun fẹ́, kí áàpù má sì bi í pé kí ló dé.

Ìgbésẹ̀ keje: gbájúẹ̀ àti owó

Bí ẹ bá ti ṣí apá yìí, àwọn gbájúẹ̀ á dé kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Ọgbọ́n wọn ò pọ̀: yàrá dáadáa, owó pọ́ọ́kú, kó o fi owó wíwo ilé ránṣẹ́ kíákíá nítorí pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì wa jẹ́ díjíìtì 10, nọ́ńbà fóònù jẹ́ 11, 0 ló sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó rọrùn láti fi èyí mú wọn. Bí díjíìtì 10 tó tò tẹ̀ lé ara wọn bá yọ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín àwọn méjì tí kò mọra, ẹ dá ọ̀rọ̀ náà dúró, kí ẹ sì fi ìkìlọ̀ han ẹni tó fẹ́ gbà á. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlàfo sáàárín nọ́ńbà, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́tò. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìyẹn náà. Kí ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì fi ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ ní Èkó, hàn kó tó lè kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Ní ti owó fúnra rẹ̀, ẹ má gbà á mọ́wọ́. Bí owó àwọn èèyàn bá ti ń wọ àkáǹtì yín, ẹ ti di báǹkì, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà á sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ lè ṣe ni ìṣirò àti àkọsílẹ̀ àjọ tí àwọn èèyàn ti ń dá láàárín ara wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá bí owó ṣe ń wọlé mu. Ká ní owó ilé jẹ́ ₦600,000 lọ́dún: ẹni tó ń gba owó oṣù máa rí ₦50,000, ó yé e. Aláta ò mọ oṣù. Ọjọ́ ló mọ̀. Bó bá ń tajà ní ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ẹ sọ fún un pé nǹkan bí ₦1,925 ni lójúmọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ilé tuntun ló fẹ́ gbà, ẹ fi owó agírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ́nnù àti owó ìdúró kún un kí ẹ tó pín in, nítorí ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já. Ẹ rán an létí pẹ̀lú pé òfin 2011 ò gba onílé láyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Wọ́n ṣì ń béèrè ọdún méjì, kò ṣàjèjì sí wa.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: fóònù kékeré àti àmì ohùn

Dátà tó tán ò gbọdọ̀ dí èèyàn lọ́wọ́ láti mọ ọjọ́ rẹ̀. Kí kàlẹ́ńdà máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ìránnilétí sì lè gba SMS wá. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ fún àwa tí à ń kọ Yorùbá. SMS kan gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ bá jẹ́ ẹ, ọ, ṣ tàbí á, gbogbo rẹ̀ á yí sí irú èyí tó ń gba 70 péré. Ìránnilétí tí ẹ rò pé ó jẹ́ ẹyọ kan á di mẹ́ta, ẹ ó sì san owó mẹ́ta. Bí ẹ bá lówó rẹ̀, ẹ fi àmì ránṣẹ́, nítorí ó rọrùn kà. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò ní àmì, kí ẹ wá fi ẹni mẹ́wàá dán an wò bóyá ó yé wọn láìbéèrè.

Níbi ìwákiri, ẹ yọ àmì kúrò lára ohun tí èèyàn tẹ̀ àti ohun tó wà nínú àkójọ kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Ẹni tó tẹ "Ikorodu" àti ẹni tó tẹ "Ìkòròdú" gbọ́dọ̀ dé ibì kan náà. Lẹ́tà bíi ẹ́ ò ní kóòdù ẹyọ kan. Fóònù kan lè kọ ọ́ lọ́nà kan, òmíràn á kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, kọ̀ǹpútà á sì ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ tún ka ọ̀rọ̀ ojú ìwé pàtàkì sí ohùn, ní Yorùbá àti ní Pidgin.

Bó bá jẹ́ odindi àdúgbò ni

Ọ̀rọ̀ onílé kọ́ nìyí mọ́, ìjọba ni. Ní July 1990, lábẹ́ Raji Rasaki tó jẹ́ gómìnà ológun, wọ́n wó Maroko, nǹkan bí èèyàn 300,000 sì di aláìnílé. Láàárín November 2016 sí April 2017, wọ́n wó Otodo Gbame létí ọ̀sà. Ó lé ní èèyàn 30,000 tí wọ́n lé. Ní June 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó ní lílé tí wọ́n lé wọn bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ilé ti wó.

Kàlẹ́ńdà tí mo ṣàlàyé ò ṣe nǹkan fún irú ẹni báyìí. Àkọsílẹ̀ ló máa wúlò: ilé mélòó, ta ló ń gbé inú rẹ̀, láti ọdún wo, fọ́tò kí wọ́n tó dé. Ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò wọ̀nyí, Nigerian Slum/Informal Settlement Federation, àti Justice & Empowerment Initiatives tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ti ń ṣe irú àkọsílẹ̀ yìí láti ọwọ́ àwọn ará àdúgbò fúnra wọn. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ má dá tiyín sílẹ̀. Máàpù náà ò gbọdọ̀ wà ní gbangba, nítorí máàpù tó ń fi ibi tí èèyàn ń gbé hàn lè wúlò fún ẹni tó fẹ́ wó o. Ègùn sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé lórí omi. Ohùn Yorùbá nìkan ò tó.

Ìdánwò, ìkàyè, àti ìparí iṣẹ́

Ẹ fi àdúgbò kan bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó ti ayálégbé, ẹ tún jókòó ti kiatékà àti ejẹ́ǹtì kan, nítorí àwọn ló máa sọ ibi tí wọ́n lè gbà dọ́gbọ́n yí i ká, wọ́n á sì gbádùn sísọ rẹ̀. Ẹ fún ayálégbé ní nótíìsì ayédèrú, kí ẹ wo bóyá ó lè rí ọjọ́ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ má ka iye èèyàn tó ń ṣí i lójoojúmọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ dúró dáadáa ò nídìí láti ṣí i ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lọ́dún. Ẹ ka iye àwọn tó ní rìsíìtì nísinsìnyí tí wọn ò ní in tẹ́lẹ̀, iye àwọn tó dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò tàbí Citizens' Mediation Centre kí nótíìsì wọn tó pé, àti iye àwọn tó pa àpò ìwé wọn rẹ́. Bí àwọn ìkẹyìn yìí bá pọ̀ lójijì ní àdúgbò kan, ẹ lọ wò ó: àṣírí ti lè tú níbẹ̀.

Kí ẹ tó ṣí i fún gbogbo ayé, ẹ kọ bí ẹ ṣe máa tì í bí owó iṣẹ́ bá tán. Ẹ fún àwọn tó ń lò ó ní oṣù 3, ẹ fi SMS sọ fún wọn, kí bọ́tìnì kan sì wà tó máa kó gbogbo rìsíìtì, nótíìsì àti fídíò wọn jáde sórí fóònù wọn ní PDF àti ní fáìlì àtilẹ̀wá rẹ̀. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ rí i dájú pé ó ti gba tirẹ̀ kí ẹ tó pa sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù ń tọ́jú nǹkan sí.